MKO Abíọ́lá: Ẹgbẹ́ Bọ́ọ̀lù Rẹ̀ Tú Ká, Pápá Ìṣeré Ń Jẹ́ Orúkọ Rẹ̀

Ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn ayé rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Òun ni Baṣọ̀run Moshood Kaṣìmáawòó Ọláwálé Abíọ́lá. A mọ̀ ọ́n ní olówó, a mọ̀ ọ́n ní Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ilẹ̀ Yorùbá, a sì mọ̀ ọ́n ní ẹni tí aráàlú dìbò fún ní ọjọ́ 12, oṣù kẹfà, ọdún 1993. Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú ayé ọkùnrin yìí tí a kì í sábà mẹ́nu bà mọ́, ìyẹn ni ti bọ́ọ̀lù. Ó ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tirẹ̀, ẹgbẹ́ náà sì gba ife ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè yìí lẹ́ẹ̀mejì. Lónìí, kò sí ẹgbẹ́ náà nínú líìgì kankan mọ́, ṣùgbọ́n pápá ìṣeré ńlá méjì ló ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rìn, nítorí ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀ kan àwa tí a ń gbé ìdálẹ̀ gan-an.

Ìlú Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí Abíọ́lá, ní ọjọ́ 24, oṣù kẹjọ, ọdún 1937. Òun ni ọmọ kẹtàlélógún tí bàbá rẹ̀ bí, ṣùgbọ́n òun ni àkọ́kọ́ nínú wọn tó yè. Gbogbo àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ni ikú pa ní kékeré. Ìdí nìyí tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Kaṣìmáawòó, torí pé ojú ń bẹ̀rù láti gbà pé èyí náà yóò dúró. Ọmọ náà dúró, ó sì dàgbà nínú òṣì. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó ti ń jí lọ sínú igbó ní òwúrọ̀ láti ṣẹ́ igi ìdáná, kó lè tà á kó tó lọ sí ilé ìwé. Nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀. Oúnjẹ ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi san owó eré fún wọn ní òde ìnáwó. Nígbà tí wọ́n gbajúmọ̀ díẹ̀ ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó, owó yìí ló sì fi ran ara rẹ̀ lọ́wọ́ ní ilé ìwé.

Ilé ìwé gíga Baptist Boys' High School ní Abẹ́òkúta ló lọ. Níbẹ̀ ni òun àti Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ti jọ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, Abíọ́lá ni olótùú ìwé ìròyìn ilé ìwé náà. Ní ọdún 1956, ó wọ iṣẹ́ bánkì Barclays ní Ìbàdàn. Lẹ́yìn náà ló rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà lọ sí yunifásítì Glasgow ní Scotland, ó sì fi ipò kìíní jáde nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò owó. Nígbà tó padà dé, ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì Èkó, ó ṣiṣẹ́ ní Pfizer, kó tó bọ́ sí ilé iṣẹ́ ITT ti Amẹ́ríkà, tó ń ta ohun èlò tẹlifóònù. Níbẹ̀ ló ti gòkè títí ó fi di igbákejì ààrẹ ilé iṣẹ́ náà fún Áfíríkà àti Àárín Gbùngbùn Ìlà Oòrùn.

Ibẹ̀ ni owó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé bí omi. Ó dá oko sílẹ̀, ó dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀, ó ní ṣọ́ọ̀bù ìwé, ó ní ọkọ̀ òfuurufú. Ní ọdún 1980, ó dá ìwé ìròyìn Concord sílẹ̀. Kò sì gbàgbé èdè abínibí: ilé iṣẹ́ náà tẹ Ìsọ̀kan ní èdè Yorùbá, ó tẹ Amana ní èdè Haúsá, ó sì tẹ Udoka ní èdè Ìgbò. Àwọn àgbà wa tó wà ní Kánò nígbà náà yóò rántí pé ẹnìkan ṣoṣo ló ń bá ọmọ Yorùbá, ọmọ Haúsá àti ọmọ Ìgbò sọ̀rọ̀ lórí tábìlì afìwéròyìn kan náà, oníkálukú ní èdè tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wá dé orí bọ́ọ̀lù. Kí a lè mọ ohun tí Abíọ́lá ṣe, ó yẹ kí a mọ ẹni tó ń ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kí òun tó dé. Láyé àtijọ́, ìlú ló ń gbá bọ́ọ̀lù. Ìlú Kánò tiwa yìí gba ife Gómìnà ní ọdún 1953. Lẹ́yìn náà ni ilé iṣẹ́ ìjọba wọlé: rélùwéè, iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì, ọlọ́pàá. Ní Ìbàdàn, ẹgbẹ́ ilé iṣẹ́ ìdàgbàsókè Ìwọ̀ Oòrùn, WNDC, ló di IICC, tó sì di Shooting Stars tí gbogbo wa mọ̀. Àwọn oníṣòwò náà kò gbẹ́yìn. Olóyè Israel Adébájọ̀ dá Stationery Stores sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1958. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn ẹgbẹ́ náà débi pé ọmọ Adébájọ̀ ni wọ́n ń pe àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀. Ó gba ife ẹ̀yẹ ní ọdún 1967 àti 1968, kí ọlọ́jà náà tó dágbére fáyé ní ọdún 1969. Ní Kánò níbí pẹ̀lú, ẹgbẹ́ Racca Rovers, tí orúkọ oníṣòwò ń bẹ lára rẹ̀, gba líìgì gbogbo Nàìjíríà ní ọdún 1978.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni Abíọ́lá náà gbé ẹgbẹ́ tirẹ̀ dìde ní Abẹ́òkúta, wọ́n sì ń pè é ní Abiola Babes. Àsìkò náà ni àwọn olówó ń fi ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù figagbága. Ilé iṣẹ́ Leventis ní ẹgbẹ́ tirẹ̀ ní Ìbàdàn, wọ́n ń pè é ní Leventis United. Ní Òwérrì, Olóyè Emmanuel Ìwúanyánwú gba ẹgbẹ́ Spartans lọ́wọ́ ìjọba, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sọ ọ́. Ní ọdún 1984, Abiola Babes dé àṣekágbá ife ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n Leventis United gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, ìyẹn 1985, Abiola Babes gba ife náà. Ní ọdún 1987, wọ́n tún gbà á lẹ́ẹ̀kejì. Ife méjì láàárín ọdún mẹ́ta, ohun tí ẹgbẹ́ tó ti pẹ́ lórí pápá ń wá kiri nìyẹn tí wọn kò rí.

Ẹnìkan wà nínú ẹgbẹ́ náà tí ìtàn rẹ̀ yóò wọ àwa ọmọ òkè ọya lára. Rashidi Yékínì ni. Ọmọ Ìrá ní ìpínlẹ̀ Kwara ni, ṣùgbọ́n Kàdúná ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1963, ibẹ̀ ló dàgbà sí, ẹgbẹ́ ilé iṣẹ́ aṣọ UNTL ní Kàdúná ló sì ti kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù tó lórúkọ. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí ìdálẹ̀ ni, bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ wa tó wà ní Sabon Gari. Ó ti Kàdúná lọ sí Shooting Stars ní Ìbàdàn, ó ti Ìbàdàn lọ sí Abiola Babes ní ọdún 1984. Láti ọ̀dọ̀ Abíọ́lá ló ti kọjá sí Africa Sports ní Abidjan ní ọdún 1987, ó sì tibẹ̀ lọ sí Portugal. Ní ọdún 1993, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi jẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jùlọ ní Áfíríkà.

Bọ́ọ̀lù gbígbá kì í ṣe òwò tí Abíọ́lá fi ń kó èrè. Ìnáwó ni. Ó ń náwó lé ẹgbẹ́ tirẹ̀, ó ń náwó lé ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè, ó ń náwó lé àwọn eléré ìdárayá mìíràn, títí wọ́n fi fún un ní oyè Òpó Eré Ìdárayá ní Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ òpó yìí. Tí òpó kan ṣoṣo bá gbé ilé ró, ọjọ́ tí òpó náà bá yẹ̀, ilé dà? Owó tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ń gbà ní ẹnu ọ̀nà nígbà náà kò lè san owó oṣù, kò lè gbé wọn rin ìrìn àjò láti Abẹ́òkúta dé Maidúgùrí. Àpò ẹnìkan ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde. Nígbà tí àpò náà rí ohun mìíràn tó ń pè é, ẹgbẹ́ tú ká. Kì í ṣe ti Abíọ́lá nìkan. Leventis United gba ife ní 1984 àti 1986, ó gba líìgì pẹ̀lú ní 1986. Kò pẹ́ sí i, ilé iṣẹ́ tó ni ín tú u ká. Racca Rovers tó gba líìgì ní Kánò náà parẹ́.

Ohun tó ń pe Abíọ́lá nígbà náà tóbi ju bọ́ọ̀lù lọ. Ní oṣù kìíní ọdún 1988, Aláàfin Ọ̀yọ́, Ọba Lámídì Adéyẹmí, fi í jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Nígbà tó di 1993, ó jáde láti du ipò ààrẹ lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú SDP. Ẹni tó bá a dù ú ni Alhaji Bashir Tofa ti ẹgbẹ́ NRC, ọmọ Kánò gidi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kò sí bí Abíọ́lá yóò ṣe rọ́wọ́ mú níbí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ka ìbò, Abíọ́lá ló borí ní ìpínlẹ̀ Kánò. Ìbò tí ọmọ Haúsá, ọmọ Yorùbá àti ọmọ Ìgbò jọ dì ni. Ọjọ́ náà kò yẹ kí ó kúrò lọ́kàn àwa tí a ń gbé Sabon Gari, nítorí ó fi hàn pé ẹni tí a ń pè ní àlejò lè rí ìfẹ́ gbà ní ilé onílé.

A mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ìjọba ológun Ọ̀gágun Ibrahim Babangida fagi lé ìbò náà. Ní ọjọ́ 11, oṣù kẹfà, ọdún 1994, Abíọ́lá dìde ní Ẹ̀pẹ̀tẹ̀dó ní Èkó, ó kéde ara rẹ̀ ní ààrẹ. Ẹ wá wo bí bọ́ọ̀lù ṣe tún bá ìtàn rẹ̀ pàdé. Ní ọjọ́ 21, oṣù kẹfà, ọdún 1994, ní ìlú Dallas ní Amẹ́ríkà, Rashidi Yékínì, agbábọ́ọ̀lù Abiola Babes àtijọ́, gba góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbà nínú ìdíje ife àgbáyé, a sì na Bulgaria ní 3-0. Gbogbo ìlú ń jó. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 23, ìjọba Ọ̀gágun Sani Abacha mú Abíọ́lá. Láàárín oṣù kan náà, wọ́n ti ìwé ìròyìn Concord pa. Ní ọjọ́ 4, oṣù kẹfà, ọdún 1996, wọ́n yìnbọn pa ìyàwó rẹ̀, Alhaja Kudirat, ní Èkó. Abíọ́lá kò jáde kúrò ní àtìmọ́lé títí ó fi kú ní Àbújá ní ọjọ́ 7, oṣù keje, ọdún 1998, nígbà tó ku díẹ̀ kó pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta. Abacha ti kú ṣáájú rẹ̀ ní oṣù kan.

Ikú parí owó, kò parí orúkọ. Ní Abẹ́òkúta, pápá ìṣeré tó wà ní Kútọ̀ ń jẹ́ orúkọ MKO Abíọ́lá. Ní Àbújá, ìjọba kọ́ pápá ìṣeré ńlá tó gba 60,000 ènìyàn, wọ́n sì lò ó fún ìdíje gbogbo Áfíríkà ní ọdún 2003. Ní ọjọ́ 12, oṣù kẹfà, ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari fi orúkọ Moshood Abíọ́lá sọ ọ́. Ní ọdún tó ṣáájú, ó ti fún olóògbé ní oyè GCFR, ó sì ti kéde 12 June ní ọjọ́ ìjọba tiwa-n-tiwa. Ẹ sì wo eré tí ayé ń ṣe: nígbà tí àwọn ọmọ wa bá ti Sabon Gari rìn dé Kofar Mata láti wo Kano Pillars, pápá ìṣeré Sani Abacha ni wọ́n ń wọ̀. Ẹni tó tini mọ́lé àti ẹni tí wọ́n tì mọ́lé, àwọn méjèèjì ló ti di pápá tí ọmọdé ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn pápá náà kì í ṣe ti àrólé ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ti gbogbo ìlú ni.

Ibi tí ẹ̀kọ́ wà nìyí, ẹ̀yin ará wa. Tí a bá wo gbogbo ohun tí Abíọ́lá ní, èyí tó wà lábẹ́ orúkọ rẹ̀ nìkan ni kò pẹ́. Concord kò sí mọ́. Ọkọ̀ òfuurufú kò sí mọ́. Abiola Babes kò sí mọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kú. Ìbò 1993 kò kú, nítorí kì í ṣe Abíọ́lá ló ni ín, àwọn tó dì í ló ni ín, wọ́n sì ń bèèrè rẹ̀ títí ìjọba fi gbà. Igi kan kì í dá igbó ṣe, bó ti wù kó ga tó.

Àwọn ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù tó kù fi hàn pé bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ rí. Stationery Stores la ikú Adébájọ̀ já, wọ́n tún gba ife ní 1982 àti 1990, wọ́n sì gba líìgì ní 1992, nítorí àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ ní Èkó mú un bí ohun ìní tiwọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wàhálà ẹni tó ni ín kò jẹ́ kó gbádùn lẹ́yìn náà. Ẹgbẹ́ Ìwúanyánwú padà sọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Ímò ní ọdún 2006, ó di Heartland. Kano Pillars, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990, wà lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀, ó sì ti gba líìgì ní 2008, 2012, 2013 àti 2014. Ti ìjọba ní ìyọnu tirẹ̀: bí gómìnà bá yí, alága ẹgbẹ́ máa ń yí. Ní Ìkẹ́nnẹ́, Remo Stars jẹ́ ti aládàáni, ṣùgbọ́n wọ́n ní pápá tiwọn, wọ́n ń tọ́ ọmọ kéékèèké níbẹ̀, wọ́n sì gba líìgì ní 2025. Ní Spain, Barcelona kò ní olówó kan tó ni ín rárá. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ju 100,000 lọ ló ń dá owó lọ́dọọdún, àwọn náà ló sì ń dìbò yan ààrẹ ẹgbẹ́. Ààrẹ ń lọ, ààrẹ ń bọ̀, ẹgbẹ́ wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á gbé ọ̀rọ̀ náà wá sílé. Láti ìgbà tí rélùwéè ti dé Kánò ní ọdún 1911 ni àwọn bàbá wa ti ń bọ̀. Wọ́n dá ẹgbẹ́ ọmọ ìlú sílẹ̀, wọ́n kọ́ mọ́ṣáláṣí, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kọ́ ilé ìwé. Àwọn tó fi orúkọ ẹgbẹ́ ra ilẹ̀, ilẹ̀ wọn ṣì wà. Ṣùgbọ́n ibi tó bá jẹ́ pé olówó kan ló ra ilẹ̀, tí ìwé ilẹ̀ wà nínú àpótí rẹ̀, ọjọ́ tó bá kú ni ọmọ rẹ̀ tí kò gbé Kánò rí yóò wá ta á. Ta ni yóò dá a lẹ́bi? Orúkọ bàbá rẹ̀ ló wà nínú ìwé.

Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ kan nínú wa bá ń gbèrò láti kọ́ gbọ̀ngàn, tàbí láti wá pápá tí àwọn ọmọ yóò ti máa gbá bọ́ọ̀lù, ẹ jẹ́ kí olówó ṣe é, kí á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí á forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní CAC, kí á yan àwọn tí yóò máa ṣọ́ ohun ìní náà, kí ìwé ilẹ̀ wà ní orúkọ ẹgbẹ́, kí mẹ̀kúnnù náà sì dá nǹkan díẹ̀ sí i, kó lè ní ẹnu ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Náírà táwọn púpọ̀ dá máa ń pẹ́ ju mílíọ̀nù ẹnìkan lọ. Orúkọ olówó wa, ẹ jẹ́ kí á kọ ọ́ sí ara ògiri, kí á má kọ ọ́ sínú ìwé ilẹ̀.

Kí Ọlọ́run forí jin Baṣọ̀run Abíọ́lá àti ìyàwó rẹ̀, Alhaja Kudirat. Kó forí jin Rashidi Yékínì, tó kú ní ọdún 2012. Àwa tí a wà lẹ́yìn, kó jẹ́ kí ohun tí a bá jọ dá sílẹ̀ pẹ́ jù wá lọ. Ó tún di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.